Reform àti Liberal di ọ̀kan ní Ìlú Ọba: ta ló ń fọwọ́ sí ìwé sínágọ́gù?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn sínágọ́gù Reform ní Ìlú Ọba ṣe ìpàdé tiwọn, àwọn Liberal náà ṣe tiwọn (ẹ̀ka ẹ̀sìn Júù ni méjèèjì, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú), àwọn méjèèjì sì dìbò pé àjọ àwọn yóò di ẹyọ kan ṣoṣo. Movement for Progressive Judaism ni wọ́n sọ ọ́. Nǹkan bí ọgọ́rin sínágọ́gù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni Rábì Josh Levy tó ń darí Reform àti Rábì Charley Baginsky tó ń darí Liberal ti kéde rẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọdún méjì gbáko kí ọ̀rọ̀ tó dé orí ìbò.

Ẹni tó bá ń gba iwájú àwọn sínágọ́gù wọ̀nyí kọjá kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ilé kò yí padà, rábì kò yí padà, orin tí wọ́n ń kọ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ náà ni wọ́n ṣì ń kọ. Inú fáìlì ni ìyàtọ̀ wà. Nínú ẹ̀sìn Júù, ẹ̀ka tí sínágọ́gù bá wà ló ń pinnu ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó àwọn ọmọ ìjọ, ìgbìmọ̀ tí yóò sọ pé Júù ni ẹnì kan tàbí kì í ṣe Júù, àti ilẹ̀ tí wọn yóò sin ín sí bó bá kú. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ìgbàgbọ́ ló pín wọn níyà. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ló máa ń mú kí ọ̀rọ̀ náà dun ènìyàn.

Kí á tó lọ jìnnà: bí ènìyàn bá ní òun ń lọ sí "Synagogue" l'Ékòó, Ìkọ̀tún ni ọkàn wa ń lọ, sí ìjọ T.B. Joshua. Ìjọ Kristẹni nìyẹn. Sínágọ́gù tí à ń sọ níbí ni irú èyí tí Bíbélì ní Jésù wọ̀ ní Násárẹ́tì, tí wọ́n fún un ní ìwé wòlíì Aísáyà kà: ilé tí àwọn Júù ti ń gbàdúrà, tí wọ́n ti ń ka Òfin Mósè, tí wọ́n sì ti ń ṣèpàdé. Beit knesset ni wọ́n ń pè é lédè Hébérù, "ilé ìpéjọ" ló sì túmọ̀ sí.

Ènìyàn mẹ́wàá àti ìwé kan

Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó ń ya sínágọ́gù sí mímọ́. Láti ọdún 70 tí àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, ẹbọ rírú ti dáwọ́ dúró, àdúrà ló gba ipò rẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá sì tó fún un. Minyan ni wọ́n ń pe mẹ́wàá yìí. Bí wọ́n bá pé nínú pálọ̀ ẹnì kan, kò sí àdúrà tí wọn kò lè gbà níbẹ̀, títí kan Kaddish tí ọmọ olóòkú máa ń kà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, wọn yóò dúró, ẹnì kan yóò sì bọ́ sójú títì lọ wá ẹnì kẹwàá. Ní Stamford Hill, lágbègbè Hackney tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Lọ́ńdọ̀nù, púpọ̀ nínú sínágọ́gù àwọn Haredi (àwọn tó máa ń wọ kóòtù dúdú gígùn yẹn) kò ju ilé gbígbé lásán lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò gba iwájú rẹ̀ lọ gba iwájú rẹ̀ bọ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Àwọn wo ni wọ́n ń kà mọ́ mẹ́wàá náà? Ibẹ̀ ni ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ Orthodox, ẹ̀ka tó di òfin àtijọ́ mú ṣinṣin, ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 13 nìkan ni. Lọ́dọ̀ Reform àti Liberal, tọkùnrin tobìnrin ni. Masorti tó wà láàárín fi í sílẹ̀ fún sínágọ́gù kọ̀ọ̀kan láti mú èyí tó bá wù ú.

Lẹ́yìn ènìyàn mẹ́wàá, ìwé Tórà, ìyẹn Òfin Mósè, ló kù. Awọ ẹran ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ká a bí ẹní mọ́ igi méjì. Lẹ́tà 304,805 ló wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ni akọ̀wé fi ń kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì lè gbà á tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tàdáwà bá sán tí lẹ́tà kan fi pín sí méjì, tàbí tí lẹ́tà méjì lẹ̀ mọ́ra wọn, ìwé náà kò ṣeé lò mọ́ títí akọ̀wé yóò fi tún un ṣe. Bó bá jẹ́ àárín kíkà ni wọ́n rí i, wọn yóò ká a, wọn yóò dá a padà sínú àpótí, wọn yóò sì gbé òmíràn jáde. Ìdí nìyẹn tí sínágọ́gù tó bá rọ́wọ́ mú kì í fi í ní ẹyọ kan ṣoṣo. Wọn kì í fi ọwọ́ lásán kan awọ náà. Ọ̀pá fàdákà kékeré tí orí rẹ̀ rí bí ìka tó nà ni òǹkàwé fi ń tọ ọ̀rọ̀. Ìwé yìí kan náà ni gbogbo ẹ̀ka ń kà, lẹ́tà kan kò lé, ọ̀kan kò dín. Ẹni tí wọ́n lè pè wá síwájú rẹ̀ ló yàtọ̀.

Àlejò tó bá fẹ́ mọ ẹ̀ka tí òun wà láìbéèrè, kó kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn obìnrin jókòó. Bí wọ́n bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí lẹ́yìn pákó tàbí aṣọ tí wọ́n fi pààlà, Orthodox ni. Kó tún fetí sílẹ̀: lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyẹn Sátidé, Orthodox kì í lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn kì í sì í tẹ dùùrù, nítorí iná mànàmáná àti ohun èlò orin wà lára ohun tí òfin ọjọ́ náà kà léèwọ̀. Kó wá bojú wo ìta. Orthodox kì í wa mọ́tò lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ra ilé ní ìtòsí sínágọ́gù wọn tí owó ilé àdúgbò náà sì ń lọ sókè. Lọ́dọ̀ Progressive, ìyẹn Reform àti Liberal, ibi ìgbọ́kọ̀sí kún.

Kò rí bí párííṣì

Ọmọ Redeem tó ń ka èyí mọ bí ẹ̀ka ṣe ń rí nínú ìjọ: olú-ìjọ ló dá párííṣì sílẹ̀, òun ló ń rán pásítọ̀ wá, òun náà ló ń gbé e lọ síbòmíràn. Ti sínágọ́gù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ kóra jọ, wọ́n a háyà gbọ̀ngàn, wọ́n a kọ òfin ẹgbẹ́, wọ́n a yan alága àti akápò, kí wọ́n tó wá àjọ tí wọn yóò bá ṣe. Ìgbìmọ̀ wọn ló ń gba rábì síṣẹ́, òun ló ń san owó oṣù rẹ̀, òun ló sì lè ní kó máa lọ. Rábì kì í ṣe àlùfáà. Olùkọ́ ni, ó sì ń dá ẹjọ́ lórí òfin. Bí kò bá sí nílé, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè darí àdúrà.

Bí sínágọ́gù bá fẹ́ wọ àjọ, ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò sí i. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa dá owó fún àjọ lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n sábà máa ń ṣírò lórí iye ọmọ ẹgbẹ́. Kí ló ń rí gbà? Rábì tí wọ́n ti dá lẹ́kọ̀ọ́, ibùdó ìsinmi fún àwọn ọmọdé, ẹni tó lè fìwé ìgbéyàwó sọ́wọ́ ìjọba, àyè nínú itẹ́ òkú, àti Beth Din, ìyẹn kóòtù ẹ̀sìn tí onídàájọ́ mẹ́ta ń jókòó sí. Bí ìbò bá ṣe gbé e wọlé náà ló ṣe lè gbé e jáde.

Èyí tó jọ párííṣì jù ni United Synagogue, ẹgbẹ́ Orthodox tó tóbi jù ní Ìlú Ọba. Ilé Aṣòfin ló fi òfin dá a sílẹ̀ ní 1870 láti so sínágọ́gù márùn-ún pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Títí dòní, ọwọ́ àjọ náà fúnra rẹ̀ ni dúkìá púpọ̀ nínú àwọn sínágọ́gù rẹ̀ wà, àti pé lórí ọ̀rọ̀ òfin ẹ̀sìn, Chief Rabbi ni rábì kọ̀ọ̀kan ń wò. Ephraim Mirvis ló wà nípò náà láti 2013. Àwọn oníròyìn a máa pè é ní olórí gbogbo Júù Ìlú Ọba, àṣìṣe sì ni. Reform kò sí lábẹ́ rẹ̀, Liberal kò sí níbẹ̀, Masorti kò sí níbẹ̀, àwọn Haredi Stamford Hill sì ní olórí tiwọn.

Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n

Wọ́n ti lé àwọn Júù kúrò ní England ní 1290. Ìgbà ayé Cromwell, ní 1656, ni wọ́n tó ráyè padà, àwọn tó sì kọ́kọ́ dé ni àwọn tí orírun wọn jẹ́ Spain àti Portugal. Àwọn ló kọ́ Bevis Marks ní 1701 ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Nígbà tó di 1840, ọkùnrin 24 fẹ́ sínágọ́gù tó sún mọ́ ibi tí wọ́n kó lọ ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, wọ́n sì tún fẹ́ kí ìsìn kúrú díẹ̀. Méjìdínlógún nínú wọn wá láti Bevis Marks, mẹ́fà wá láti sínágọ́gù àwọn Júù tí orírun wọn jẹ́ Jámánì àti Poland. Òfin Bevis Marks kò gbà pé kí wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ nítòsí. Wọ́n dá a sílẹ̀. West London Synagogue nìyẹn, ìyá gbogbo Reform ní Ìlú Ọba.

Àwọn àgbà Bevis Marks gégùn-ún fún wọn, ṣùgbọ́n ègún kọ́ ló dùn wọ́n jù. Òfin ìgbéyàwó ọdún 1836 ti sọ pé ààrẹ Board of Deputies, àjọ tó ń ṣojú àwọn Júù níwájú ìjọba, ni yóò jẹ́rìí sí i pé sínágọ́gù kan jẹ́ ti Júù kí akọ̀wé ìgbéyàwó rẹ̀ tó lè fìwé sílẹ̀. Moses Montefiore ni ààrẹ. Ọmọ Bevis Marks ni òun náà. Ó kọ̀. Tọkọtaya tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní West London gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kí wọ́n tó padà wá síwájú rábì. Ìgbà tó di 1856 ni Ilé Aṣòfin tó fún sínágọ́gù náà ní àṣẹ tirẹ̀. Látọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ta ló ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ sí i.

Ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀rọ̀ bàbá òun ọmọ nínú ẹbí kan, yóò sì yé Yorùbá dáadáa. Ní 1887, olówó báńkì kan tó ń jẹ́ Samuel Montagu kó àwọn sínágọ́gù kéékèèké àwọn tálákà tó sá wá láti Ìlà-oòrùn Yúróòpù jọ sínú Federation of Synagogues, Orthodox pọ́ńbélé. Ní 1902, ọmọbìnrin rẹ̀, Lily, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ní Reform pàápàá kò tíì yára tó. Ẹgbẹ́ náà ló di Liberal, ó sì ṣí sínágọ́gù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1911. Ta ló dúró tì í? Claude Montefiore, tí Moses Montefiore tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ti Reform jẹ́ arákùnrin bàbá bàbá rẹ̀.

Ti Masorti kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Rábì Louis Jacobs, Orthodox, sọ ọ́ nínú ìwé pé ọwọ́ ènìyàn wà nínú bí Tórà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Chief Rabbi ìgbà náà, Israel Brodie, kò jẹ́ kó di olórí ilé ẹ̀kọ́ àwọn rábì, ní 1964 kò sì jẹ́ kó padà sí sínágọ́gù rẹ̀ àtijọ́. Àwọn ọmọ ìjọ bá dìde, wọ́n dá New London Synagogue sílẹ̀ fún un. Ìsìn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Orthodox. Ọ̀rọ̀ ta ló láṣẹ ló pín wọn.

Ibi tí ìwé ti ń há

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó fẹ́ di Júù. Kóòtù Orthodox ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ní kó lọ gbé ní ibi tó ti lè fẹsẹ̀ rìn dé sínágọ́gù Orthodox, kó máa pa òfin oúnjẹ àti ti ọjọ́ Ìsinmi mọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, kó kọ́ Hébérù. Kóòtù Reform yóò ní kó gba ẹ̀kọ́ fún ọdún kan ó kéré tán, kó lè rí gbogbo àjọ̀dún yípo ọdún. Ọkùnrin yóò kọlà. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni mikveh, adágún tí omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi korobá pọn: òjò tàbí ìsun ni orísun rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ogójì se'ah, òṣùwọ̀n ayé àtijọ́. Òrùka, yẹtí, ọ̀dà èékánná, gbogbo rẹ̀ ni yóò kúrò lára. Bí irun orí bíńtín bá léfòó nígbà tí ènìyàn rì sínú omi, kò kà, yóò tún un rì. Liberal kò sọ mikveh di dandan láti ìbẹ̀rẹ̀ wá.

Omi kan náà, àdúrà kan náà, síbẹ̀ ìwé tí kóòtù Reform bá fún ẹni yìí kò níláárí lọ́dọ̀ kóòtù Orthodox. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, àwọn ọmọ tó bá bí kì í ṣe Júù lọ́dọ̀ Orthodox, nítorí lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ìyá ni ọmọ. Ó dé ilé ẹjọ́ rí. Ilé ẹ̀kọ́ girama JFS ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ń lo ìlànà ọ́fíìsì Chief Rabbi, kọ ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Júù, tí ìyá rẹ̀ sì gba ẹ̀sìn Júù lọ́dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Orthodox. Ní oṣù Kejìlá 2009, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní wíwo ìran ìyá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ lórí ẹ̀yà. Ilé ẹ̀kọ́ náà yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ìdílé ṣe ń lọ sí sínágọ́gù sí.

Ìkọ̀sílẹ̀ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, lójú tiwa. Kóòtù ìjọba lè tú ìgbéyàwó ká, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Orthodox, obìnrin náà ṣì jẹ́ aya ọkọ rẹ̀ àfi bí ọkùnrin náà bá fi ìwé tí wọ́n ń pè ní get lé e lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ ẹlòmíràn láìgbà á tó sì bímọ, mamzer ni ọmọ náà, kò sì lè fẹ́ Júù mìíràn bí kò ṣe mamzer bíi tirẹ̀ tàbí ẹni tó gba ẹ̀sìn. Àwọn ọkọ kan a máa fi get yìí gba owó tàbí ilé. Òfin kan ti wà láti 2002 tó jẹ́ kí adájọ́ ìjọba lè dá ìkọ̀sílẹ̀ tirẹ̀ dúró títí wọn yóò fi yanjú ti ẹ̀sìn. Lọ́dọ̀ Reform, bí ọkọ bá kọ̀ láìnídìí, kóòtù ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ lè tú obìnrin náà sílẹ̀. Liberal ní ìkọ̀sílẹ̀ ti ìjọba ti tó.

Kí ni ìdàpọ̀ náà wá yí padà?

Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn rábì Reform àti Liberal ti ń jókòó nínú kíláàsì kan náà ní Leo Baeck College ní Lọ́ńdọ̀nù, tí rábì Liberal sì ń gba iṣẹ́ ní sínágọ́gù Reform. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ rí láàárín àwọn ọdún 1980, kò yọrí. Ohun tó nira jù láàárín wọn ni ọmọ tí bàbá nìkan jẹ́ Júù. Láti nǹkan bí àwọn ọdún 1950 ni Liberal ti ń gbà á bí wọ́n bá ti tọ́ ọ dàgbà gẹ́gẹ́ bíi Júù. Reform ń tẹ̀ lé ti ìyá. Ní 2015 ni Reform yí padà, wọ́n sì ṣí ọ̀nà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti wá síwájú kóòtù wọn. Nígbà tí gbọ̀nmí-si-omi-ò-to yẹn ti rọlẹ̀, ohun tó kù kò ju owó, ọ́fíìsì àti orúkọ lọ.

Lọ́dọ̀ Orthodox, kò yí ohunkóhun padà. Ìwé tí wọn kì í gbà lọ́wọ́ méjì tẹ́lẹ̀ ni wọn kò ní gbà lọ́wọ́ ọ̀kan báyìí. Àwọn Júù tó wà ní England àti Wales kò ju nǹkan bí 271,000 lọ nínú ìkànìyàn 2021, nítorí náà ohùn kan ní iwájú ìjọba wúlò fún Progressive.

Níbòmíràn, ìṣirò náà yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew rí i ní 2020 pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Júù ló pe ara wọn ní Reform, 17 ní Conservative, orúkọ tí wọ́n ń pe Masorti níbẹ̀, 9 péré ní Orthodox. Reform tiwọn sì ti gba ọmọ bàbá láti 1983. Ní Israel, Orthodox nìkan ni ìjọba fún láṣẹ láti so Júù méjì pọ̀. Àmọ́ ní oṣù Kẹta 2021, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sọ pé ẹni tó bá gba ẹ̀sìn lọ́dọ̀ Reform tàbí Conservative nílẹ̀ Israel lè di ọmọ ìlú. Ó lè di ọmọ ìlú, kò sì lè gbéyàwó níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ọ̀rọ̀ yìí, kó lọ sí Hoop Lane ní Golders Green. West London Synagogue, ti Reform, ló ra ilẹ̀ ibẹ̀ fún itẹ́ òkú, ó sì pín apá kan fún àwọn ará Bevis Marks tó ti gégùn-ún fún un rí. Wọ́n ṣí i ní 1895. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló pààlà sí i. Ní apá kan, òkúta ojú oórì dúró sánsán. Ní apá kejì, wọ́n tẹ́ òkúta pẹrẹsẹ sílẹ̀ bí àṣà Bevis Marks. Ìgànná kò sí láàárín. Lódìkejì títì ni ilé tí wọ́n ti ń sun òkú wà láti 1902, Liberal àti Reform lè gba ibẹ̀ lọ. Orthodox kì í yà síbẹ̀.